Màmá Wa Ìjàpá Lọ sí Tàmálè

Ìlaro,
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹsàn-án, 1988.

Àjàní ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ìwọ àti òtútù Leeds ńkọ́? Ṣé ẹ ti ń gbọ́ra yín yé? Àwa níbí wà, a dúpẹ́. Òjò rọ̀ títí tí iwájú ilé fi di odò. Bàlíkísù àbúrò rẹ ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ ní Póli, ó ní kí n bi ọ́ bóyá lóòótọ́ ni pé àwọn òyìnbó kì í kí ara wọn lójú ọ̀nà. Èmi náà fẹ́ mọ̀.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé ni pé mo fẹ́ lọ sí Gáná. Tàmálè gan-an, níbi tí a bí ọ sí. Ọ̀rẹ́ mi kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ lọ wò. Láti ọdún 1969 tí wọ́n ti ní kí àwa àlejò máa lọ sílé wa, a ò tíì fojú kanra. Mo kọ lẹ́tà sí i nígbà náà, kò sí èsì. Bàbá yín, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Gáná sí àwọn létí, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi náà panu mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún méjì tí wọ́n ti kú, ìbéèrè náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Ṣé ó ṣì wà láàyè? Ṣé ó ti darúgbó bíi tèmi? Ta ló ń bá a ṣeré?

Fọ́kísíwágìnì ìjàpá tí bàbá yín fi sílẹ̀ ni mo máa wà lọ, èmi nìkan. Má jẹ́ kí àyà rẹ já. Òun náà ni mo ń wà láti Ìlaro lọ sí Jọ́gà-Orílé lójoojúmọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì kúrò nípò ọ̀gá ilé-ìwé. Akínladé mẹkáníìkì ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, ó sì ti tò ó padà.

Fi fọ́tò tuntun ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe èyí tí o ti de fìlà bojú. Mo fẹ́ mú un lọ fi hàn án.

Èmi tí mo máa ń fi orúkọ rẹ bẹ̀rẹ̀ àdúrà,
Ìyá rẹ, Àṣíáwù Bàrúwà.


Leeds,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá, 1988.

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ara mi le, òtútù nìkan ló ń dààmú wa. Ẹ sọ fún Bàlíkísù pé wọ́n máa ń kí ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni wọ́n fi ń kíra wọn.

Màmá, ẹ dákun, ẹ má lọ. Ibodè mẹ́ta ló wà láàárín Ìlaro àti Tàmálè. Ẹ ò gbọ́ Faransé. Bí rédíétọ̀ bá gbóná nínú igbó ńkọ́, ta ló máa bá yín pọn omi? Bí ó bá jẹ́ ìrìn àjò ló wù yín, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀kọ́ mi, màá mú yín lọ sí Mẹ́kà. Kí ni àwọn ará Ìlaro máa sọ nípa mi tí wọ́n bá rí ìyá mi nídìí mọ́tò tó ń dá kọjá Ìdìròkò?

Ohun mìíràn tún wà. Bàbá Kékeré kọ̀wé sí mi láti Ayétòrò. Wọ́n ní ẹ ti sọ fún àwọn náà, ọ̀rọ̀ náà sì rú àwọn lójú. Wọ́n ní, “Ta ni ọ̀rẹ́ yìí tí ìyá rẹ ń tìtorí ẹ̀ la ìlú kọjá, nígbà tí ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi kò tíì gbẹ?” Màmá, mi ò mọ bí mo ṣe lè béèrè rẹ̀ tí kò fi ní jọ àrífín. Ṣé ọkùnrin ni?

Fọ́tò wà nínú àpòòwé. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe pé mo gbà pé kí ẹ lọ ni mo fi fi ránṣẹ́ o.

Ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,
Abdulfatah.


Ìlaro,
Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹwàá, 1988.

Abdulfatah,

Mi ò pè ọ́ ní Àjàní lónìí. Mo kí ọ, ṣùgbọ́n ìkíni náà kò gùn.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, ìjàpá kì í ní rédíétọ̀. Atẹ́gùn ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, kì í mu omi rárá. Ìwọ tí o ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ!

Èkejì, obìnrin ni. Fúsẹ́ínà ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo ka ìbéèrè rẹ, mo rẹ́rìn-ín títí tí Bàlíkísù fi sáré jáde láti ilé ìdáná. Nígbà tí ẹ̀rín tán, inú bí mi.

Jẹ́ kí n sọ ẹni tí ó jẹ́ fún ọ. Nígbà tí mo bí ọ, ibà dá mi dùbúlẹ̀, ọmú mi gbẹ. Ilé Fúsẹ́ínà kọjú sí tiwa ní Sọ́ńgò, àdúgbò àwọn àlejò ní Tàmálè. Ó ń fún ọmọbìnrin tirẹ̀ lọ́mú lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn sọdá wá, ó gbé ọ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó fi ọ́ sí ọmú kejì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ara mi fi yá. Nínú ẹ̀sìn wa, o mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ìyá rẹ ni. Nítorí náà, ẹni tí ìwọ àti Bàbá Kékeré rẹ ń pè ní ọkùnrin, ọmú rẹ̀ ni o mu dàgbà.

O ò béèrè ìdí tí mo fi fẹ́ dá lọ. Bàbá mi ló kó mi lọ sí Gáná, ọkọ mi ló kó mi bọ̀. Ìgbà méjèèjì, ẹ̀yìn lọ́rì ni mo wà, láàárín ẹrù, mi ò rí ọ̀nà. Mo ti gba ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì mọ ohun tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Mo fẹ́ dúró níbi tó bá wù mí, kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni tí mo bá rí pé, “Kí ni wọ́n ń pe ibí? Kí ni ẹ ń gbìn?” Ṣé ìyẹn náà pọ̀ jù?

Má fèsì. Kí èsì rẹ tó dé, mo ti lọ.

Ìyá rẹ.


Ìlaro,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kọkànlá, 1988.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Màmá ti lọ lánàá, lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Mo ní kí n tètè kọ̀wé sí yín kí ẹ má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Bàbá Kékeré nìkan.

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wọn pé kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ Màmá dé ọwọ́ wọn. Wọ́n wọkọ̀ wá láti Ayétòrò lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n jókòó sórí àga Bàbá, wọ́n ní, “Ìyàwó wa, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ọmọ yín ló ní kí n gbà á.” Màmá kò jiyàn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ìjà ni Bàbá Kékeré múra fún. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, wọ́n ní kí n gbé oúnjẹ wá.

Wọ́n jẹun tán. Màmá wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ní, “Ọkọ mi, nígbà ayé ẹ̀gbọ́n yín, bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn wọn kan wà láàyè tàbí ó ti kú, ta ni wọ́n máa ń rán?”

Bàbá Kékeré ní, “Èmi Rájí náà ni. Ta ni wọn ì bá tún rán?”

Màmá ní, “Ó dáa. Ẹni tó fún Abdulfatah lọ́mú wà ní Tàmálè. Ẹ bá mi lọ wò ó.”

Bàbá Kékeré wo kọ́kọ́rọ́ náà, wọ́n wo ojú ọ̀nà. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn láti ìjẹta. Nígbà tí wọ́n lọ, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lórí tábìlì.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo bínú sí yín díẹ̀. Ẹ̀yin lọ sí ìlú òyìnbó, ẹnikẹ́ni kò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjàpá yà ní oríta tí mi ò rí i mọ́, mo jókòó síwájú ilé títí di ọ̀sán. Ẹ bá mi ṣàdúrà.

Bàlíkísù.


Lomé,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kọkànlá, 1988.

Àjàní mi,

Mo ti dárí jì ọ́. Ojú ọ̀nà kò jẹ́ kí n lè máa bínú.

Àwọn aṣọ́bodè wa ní Ìdìròkò mọ mọ́tò náà, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ìwé mi ní Jọ́gà, ó ń pè mí ní “Tíṣà” lójú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Bìnì-Kútọnu lódìkejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọjú wo inú mọ́tò, ó ní, “Màdáàmù, tú sẹ́ẹ̀lì? Tú sẹ́ẹ̀lì?” Mo rò pé ó ń béèrè ohun tí mo fẹ́ tà ni. Mo ní mi ò ta nǹkan kan, tíṣà ni mí. Ó tún ní, “Tú sẹ́ẹ̀lì?” Mo ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, mo fi gààrí àti aṣọ mi hàn án. Obìnrin Ànàgó kan tó ń kọjá ló gbà mí. Ó ní, “Ìyá, ó ń bi yín bóyá ẹ̀yin nìkan ni.” Mo ní kí ó bá mi dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ló dé? Ọmọkùnrin náà kí mi bí ẹni kí ọ̀gágun.

Ṣé o mọ̀ pé epo mọ́tò tí a máa ń to láìnì fún nílé, inú ìgò ni wọ́n ti ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà níbí, bí ẹni ń ta òróró? Ní Àjàṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn ará Bìnì-Kútọnu náà, bàbá kan sọ Yorùbá kan fún mi tí mo fi rò pé Ayétòrò ni mo wà. Mo bi í pé nígbà wo ni ó kúrò nílé. Ó ní ilé náà ni òun wà.

Kí n tó dé Togo, ọ̀nà náà ń gba etí òkun lọ. Bàbá yín gbé wa kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́sí, tapólì lọ́rì ni mo rí. Mo yà sẹ́bàá ọ̀nà kí n lè wò ó dáadáa, ìjàpá sì rì sínú iyanrìn títí dé ikùn. Àwọn apẹja fi àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n yí i ká, wọ́n gbé e tòun tèmi nínú rẹ̀ padà sórí títì. Mo fẹ́ fún wọn ní nǹkan, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kí n ṣáà tẹ fèrè mọ́tò fún wọn. Mo tẹ̀ ẹ́ títí mi ò fi rí wọn mọ́.

Ọ̀dọ̀ Mẹ̀dínátù, ọmọ Òwódé kan tó ń ta aṣọ ní Lomé, ni mo sùn. Ọ̀la ni màá kọjá sí Gáná, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Àyà mi ń já o, Àjàní. Kì í ṣe ọ̀nà ló ń já mi láyà. Ohun tí mo máa bá níbẹ̀ ni.

Ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìíní, 1989.

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún, níbikíbi tí lẹ́tà yìí bá ti bá yín. Ilé ni mo ń kọ ọ́ sí nítorí pé mi ò mọ ibòmíràn. Bàlíkísù kọ̀wé pé òun náà kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn ti Lomé. Ọdún òyìnbó ti lọ, ọdún tuntun ti wọlé, kò sí ìró yín.

Mo lọ sí ilé ìkàwé, mo ní kí wọ́n fún mi ní máàpù. Mo fi ìka tọ ọ̀nà náà láti Lomé lọ sí Accra, mo dé Kùmásí, mo dé Kintampo. Níbẹ̀ ni ìlà pupa ti parí, ó di ìlà tín-ín-rín. Mo wà lórí ìlà tín-ín-rín yẹn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ń bá mi wọ kíláàsì.

Mo gbìyànjú láti rántí obìnrin náà. Ohun kan ṣoṣo ni mo rí: ẹyẹ ẹtù kan, àmì funfun lára rẹ̀ wínniwínni, tó ń sá fún mi nínú àgbàlá. Ṣé tirẹ̀ ni? Ṣé ó máa ń na mí bí mo bá lé e?

Ó yẹ kí n bá yín lọ, kì í ṣe kí n ní kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ kọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, kì báà ṣe ìlà kan.

Àjàní yín.


Tàmálè,
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kìíní, 1989.

Àjàní mi,

Má bínú. Mo ti wà níbí láti oṣù tó kọjá. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ọ̀la ni màá lọ, pé kí ni mo tún fẹ́ kọ lẹ́tà fún. Àárọ̀ yìí ni mo tó gbà pé mi ò múra àtilọ.

Ọ̀nà àríwá burú, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ọyẹ́ mú, eruku pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi tan iná mọ́tò lọ́sàn-án. Nígbà tí mo dé Sọ́ńgò, ibi tí ilé wa wà ti di ilé ẹ̀rọ ìlọta. Àwọn àjèjì ló ń gbé inú ilé Fúsẹ́ínà. Orúkọ rẹ̀ ni mo ń dá kiri títí ẹnìkan fi na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ọjà, sí ilé kan tí igi dóńgóyárò wà níwájú rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ń po òrí nínú ọpọ́n níwájú ilé náà. Mo fi Háúsá kí i. Mo ní Fúsẹ́ínà ni mò ń wá.

Ó ní, “Ìyá mi ni. Ta ni kí n sọ pé ó ń béèrè wọn?”

Mo ní, “Sọ pé Àṣíáwù ni.”

Ó gbójú sókè. “Èmi ni Àṣíáwù.”

Mo rò pé kò gbọ́ mi dáadáa. Mo ní, “Mo mọ̀, orúkọ tèmi ni mò ń sọ fún ọ.”

Ó ní, “Ìyá, orúkọ tèmi nìyẹn. Kò sí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ ẹ ládùúgbò yìí. Orúkọ òkú kan ni wọ́n sọ mí.”

Àjàní, mo di igi dóńgóyárò náà mú.

Fúsẹ́ínà gbọ́ ohùn, ó jáde. Irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n òun ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sún mọ́ mi. Ó ní, “Àṣíáwù kú. Lọ́rì wọn dojú dé nígbà tí wọ́n ń lọ, àwọn awakọ̀ ló mú ìròyìn wá. Mo ṣe sàráà rẹ̀. Ta ni ìwọ?”

Mo ní èmi ni. Mo ní lọ́rì kan dojú dé lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe tiwa. Ó mi orí. Ó rò ó díẹ̀, ó ní, “Bí o bá jẹ́ òun, láàárín ọmọ tìẹ àti ọmọ tèmi, ta ni mo máa ń kọ́kọ́ fún lọ́mú láàárọ̀?”

Mo ní, “Tèmi. O ní àlejò ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹun.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Èmi náà lọ jókòó tì í nínú erùpẹ̀. Ọmọ náà dúró tòun ti òrí lọ́wọ́, ó ń wo àwa méjèèjì bí ẹni pé orí wa ti yí.

Ayọ̀ nìkan kọ́ o. Lọ́jọ́ kejì, ó dédé bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí mi pé mi ò kú. Ó ní, “Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mò ń tọrọ àforíjì fún òkú, ìwọ ń wa mọ́tò kiri!” Mo ní mo kọ lẹ́tà. Ó ní òun ti kó kúrò níbẹ̀ nígbà náà, pé kí ló dé tí mi ò kọ òmíràn? Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé oúnjẹ wá, ó ń gbé e kalẹ̀ gbì. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó ní kí n fi fọ́tò ọmọ òun han òun. Ó wo fọ́tò rẹ pẹ́. Ó ní o rù, pé kí ni wọ́n ń fún ọ jẹ níbẹ̀?

Èmi àti àwọn méjèèjì kí ọ. Bí wọ́n bá pe Àṣíáwù nínú ilé yìí, àwa méjì là ń dáhùn.

Ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì, 1989.

Màmá mi,

Mo ka lẹ́tà yín lórí ìdúró, lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti kóòtù lọ́rùn. Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé béèrè pé ṣé ẹnìkan kú ni. Mo ní rárá o, ẹnìkan jí ni.

Ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi kejì. Ẹ sọ fún wọn pé mò ń jẹun. Mo ní àbúrò kan ní Tàmálè tí mi ò mọ̀ rí, mi ò sì mọ ohun tí mo máa kọ sí i. Kí ló fẹ́ràn? Ṣé ilé-ìwé ló ń lọ? Ṣé ó ga? Ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ rọra wa ọkọ̀ nínú eruku yẹn.

Àjàní.


Ìlaro,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, 1989.

Àjàní mi,

Mo ti dé ilé. Kí n tún un sọ: a ti dé ilé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ kúrò ní Tàmálè, Fúsẹ́ínà ní òun máa sìn mí sọ́nà. Ó wọ mọ́tò, ó ní kí n já òun sílẹ̀ níbi ilé epo tó wà lẹ́yìn ìlú. A dé ibẹ̀. Mo ní, “Sọ̀kalẹ̀.” Ó ní, “Ṣé ibí ni Tàmálè parí sí ni?” Mo wà á lọ. Ó ní òun gbọ́ pé afárá kan wà ní Buípè tí òun kò dé rí, kí n jẹ́ kí òun rí i, òun máa bá lọ́rì padà. Ìrìn náà jìn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. Bí a bá ti dé abúlé kan, ó máa béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo ni ilẹ̀ náà.

Ní Buípè, ó sọ̀kalẹ̀, ó wo odò náà. Ó ní, “Kí ló wà lódìkejì?” Mo ní Kintampo. Ó ní, “Kí ló wà ní Kintampo?” Mo ní wọ́n ń ta iṣu. Lẹ́yìn náà ó lọ bá awakọ̀ lọ́rì kan tó ń lọ sí Tàmálè, ó ní kó sọ fún ọmọ òun pé kó máa jẹun, kó máa lọ sílé-ìwé, kó sì sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé òun ń bọ̀. Ó padà wọ mọ́tò. Aṣọ kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ní Kùmásí ni mo ti ra bàtà àti ìró fún un.

Níbi ibodè tí a fẹ́ fi wọ Togo, aṣọ́bodè bi í pé kí ni ó ń lọ ṣe. Ó ní, “Mo ń sin ọ̀rẹ́ mi sọ́nà ni.” Ọ̀gbẹ́ni náà ní láti ibo? Ó ní láti Tàmálè. Ọ̀gbẹ́ni náà pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde láti inú ọ́fíìsì, ó ní kí ó tún un sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n jókòó, wọ́n sì kọ ìwé ìrìnnà fún un.

Ó tọ́ omi òkun wò, ó tu ú dànù, ó ní ta ló da iyọ̀ sí i. Ní Ìlaro, ó fẹ́ mọ ìdí tí òjò fi ń rọ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀. Bàbá Kékeré ti wá kí i, wọ́n gbé iṣu wá láti Ayétòrò, wọ́n sì jókòó pẹ́. Kò gbọ́ Yorùbá, wọn kò gbọ́ Háúsá, síbẹ̀ mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹtù. Ó sì ní kí n sọ fún ọ pé ẹtù òun ni, pé òun kò nà ọ́ rí, ẹtù náà ni kò fẹ́ràn rẹ.

Àbúrò rẹ ti Tàmálè ga jù mí lọ. Ilé-ìwé tíṣà ló fẹ́ wọ̀. Ó ti kọ̀wé wá lọ́sẹ̀ yìí pé ìgbà wo ni ìyá òun ń bọ̀, pé àdúgbò ti ń béèrè. Fúsẹ́ínà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó ní ó tó àkókò. Mo ní ọjọ́ Ajé ni màá sìn ín sọ́nà. Ó ní dé ibo? Mo ní dé Òwódé nítòsí ibí.

Bàlíkísù wọ inú yàrá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù mi.

Ìyá rẹ,
Àṣíáwù.